Bí Ọ̀gá Bá Rán Sójà Níṣẹ́ Ẹrú

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, fíìmù kan ló sì fà á: èyí tí wọ́n ń fi hàn ní alẹ́ Sátidé, tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ sójà nílé ẹjọ́ ológun nítorí ohun tó ṣe lójú ogun. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó wò ó ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò wò ó kò pàdánù púpọ̀. Sójà gidi kì í jágbe mọ́ ọ̀gá ní kọ́ọ̀tù báyẹn. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni, débi pé akọ̀wé á ní kó tún un sọ.

Èmi ni akọ̀wé yẹn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka abala yìí, ọdún 23 ni mo fi jókòó sídìí taipuráítà nínú iṣẹ́ ológun, kí n tó fẹ̀yìntì wá sí Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ìdájọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ, pẹ̀lú ohun tí mo kà nínú ìwé òfin tí àwọn ọ̀gá ń gbàgbé sórí tábìlì mi.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kejì wà ní Borno, ọdún kẹta rẹ̀ nìyí nínú iṣẹ́ ológun. Nínú fíìmù tí a wò, sójà náà ń sunkún pé ọ̀gá òun ló ní kí òun yìnbọn. Adájọ́ ní ìyẹn ò gbà á sílẹ̀. Mo bi àbúrò mi pé, tí kò bá wá yìnbọn ńkọ́? Ó ní wọ́n á ní ó ṣàìgbọràn, wọ́n á tún dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta gan-an ni kí ọmọ mi bẹ̀rù?
Ìyá sójà, Ìṣẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àdúrà. Òwe tí ẹ pa yẹn, gbogbo bárékè ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń pa á: “Obey before complain.” Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kan ju fìlà ara rẹ̀ sínú gọ́tà, ó ní kí n wọ ibẹ̀ lọ mú un. Mo ní, “Sà, kí ló dé?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi orúnkún rìn yí pápá po fún títí oòrùn fi wọ̀. Mi ò bínú sí i mọ́. Bí ọta bá ń fò lórí, tí ọ̀gá ní “Ẹ dojú bolẹ̀!”, ẹni tó bá ní kí ló dé kò ní dúró gbọ́ èsì.

Ṣùgbọ́n òwe kejì wà tí ìyá tèmi máa ń pa, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá sójà kankan rí: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àárín òwe méjèèjì yìí ni gbogbo ẹjọ́ tí mo tẹ̀ wà.

Òfin wa mọ òwe kejì yẹn. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù, abala 32 ní ẹni tó tẹ̀lé àṣẹ aláṣẹ tó yẹ kó gbọ́ràn sí lẹ́nu kò jẹ̀bi, àfi bí àṣẹ náà bá jẹ́ èyí tí ojú lásán ti rí i pé kò bófin mu. Òfin àwọn ọmọ ogun fúnra rẹ̀, tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1993, kò ní kí sójà gbọ́ gbogbo àṣẹ. Àṣẹ tó bófin mu ló ní kó gbọ́. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ yín lọ gba abúlé kan lọ́wọ́ ọ̀tá, kódà kó mọ̀ pé òun lè má bọ̀, àṣẹ tó bófin mu nìyẹn. Bí ó bá ní kó yìnbọn fún ẹni tí wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, òfin ò ka ìyẹn sí àṣẹ rárá.

Ibi tó ti wá le nìyí. Irú kejì yẹn kò wọ́pọ̀ tó bí fíìmù ṣe ń ṣe é. Èyí tó ń da sójà wa láàmú jù ni àṣẹ tó bófin mu, àmọ́ tí kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn sójà kan ń bọ̀ láti Chibok ní òru, Boko Haram dènà dè wọ́n, wọ́n pa nínú wọn. Àwọn tó yè ní àwọn ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sun mọ́jú, pé àṣẹ ló ní kí àwọn máa bọ̀. Ní ọjọ́ 14, nígbà tí wọ́n gbé òkú wọ bárékè Maimalari ní Maiduguri, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yìnbọn lu ọkọ̀ ọ̀gágun tó ń darí ẹ̀ka wọn. Ọta ò ba ọ̀gágun náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ ológun ní Abuja ti dájọ́ ikú fún 12. Àwọn 12 yẹn, mi ò lè gbèjà wọn. Ẹni tó bá yìnbọn sí ọ̀gá rẹ̀ ti tú ogun ká. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fọkàn yàwòrán ohun tí wọ́n bá pàdé ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Àwọn 54 ni ọ̀rọ̀ wọn kò jẹ́ kí n sùn. Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n ní kí àwọn sójà ẹgbẹ́ ọmọ ogun 111 kan tẹ̀lé ọ̀gá wọn lọ gba Delwa, Bulabulin àti Damboa padà lọ́wọ́ Boko Haram. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ àwọn kò tó ohun tí èèyàn ń gbé lọ bá àwọn yẹn. Ẹni 59 ni wọ́n kó wá síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Lọ́yà Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì, ló dúró fún wọn. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí oníròyìn wọlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, wọ́n dá 5 sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ yìnbọn pa 54 tó kù.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ yín nígbà tó bá pè. Nínú òfin ológun, bí ẹnì kan bá kọ̀, àìgbọràn ni. Bí ẹni méjì bá jọ fẹnu kò tí wọ́n jọ kọ̀, orúkọ rẹ̀ ti yí, ó ti di ọ̀tẹ̀. Bí ọ̀tẹ̀ náà bá sì jẹ́ láti yẹra fún ìjà pẹ̀lú ọ̀tá, abala 52 ní ikú ni, kódà bí wọn ò ju òkúta kan. Ẹ wò ó bó ṣe rí lára sójà, ìyá wa. Ẹni tó sùn tì ọ́, tó fi omi ìgò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ mu, tó mọ orúkọ ọmọ rẹ. Ní alẹ́, lábẹ́ igi, ó yí ojú sí ọ, ó ní, “Èmi ò ní lọ o. Ìwọ ńkọ́?” Bí o bá dá a lóhùn, ẹ ti di ẹni méjì.

Wọn ò yìnbọn pa wọ́n. Ní oṣù Kejìlá 2015, lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò, àwọn ológun sọ ìdájọ́ ikú sójà 66 di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Oṣù yẹn kan náà ni ìjọba gbé ẹni tó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò tẹ́lẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù lórí owó tí wọ́n ní ó wà fún ohun ìjà. Ó ní òun kò jẹ̀bi, èmi kọ́ sì ni adájọ́ rẹ̀. Mo kàn ń ka ìròyìn méjèèjì lóṣù kan náà ni, mo sì ń wò ó pé ẹni tó ní òun kò rí ọta gbà ti lo ọdún kan lábẹ́ ìdájọ́ ikú kí ẹnikẹ́ni tó dé iwájú adájọ́ lórí owó ọta.

Láyé àwọn baba wa, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi ogun. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ti Ọ̀yọ́, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, dandan ni kó jáde ogun, ibi tí Aláàfin bá nawọ́ sí ni. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, yóò ti ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ ogun kékeré pé kí ló dé tí Kakaǹfò kò borí. Mi ò ní kí a padà síbẹ̀ o. (Ta ló máa gba ipò yẹn lónìí?) Àmọ́ ó yẹ kí ọ̀gá tó bá rán èèyàn 59 lọ ojú ikú mọ bí àpótí ọta ṣe wúwo tó.

Ẹ bi mí pé ta ni kí ọmọ yín bẹ̀rù. Bí àṣẹ kan bá rú u lójú, kó ní kí ọ̀gá tún un sọ, létí ẹlòmíràn. Kí òun náà tún un sọ padà fún ọ̀gá. Kó kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé pélébé tó wà lápò rẹ̀. Ọ̀gá tó mọ̀ pé àṣẹ òun wọ́, kì í bẹ̀rù ẹni tó pariwo. Ẹni tó ní “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ” ló ń bẹ̀rù. Mo ti rí i tí àṣẹ yí padà láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì. Bí kò bá yí padà, tó sì jẹ́ àṣẹ ìjà, kó lọ. Tó bá dé, òfin fún un láyè láti fẹjọ́ sun ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ. Bó bá jẹ́ pé kó pa ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀ ni, kó kọ̀. Kó dá kọ̀. Kó má bi ẹnikẹ́ni pé ìwọ ńkọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn tó ń dá ẹjọ́ nílé ẹjọ́ ológun kì í ṣe adájọ́?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ọ̀gá sójà ni wọ́n. Nílé ẹjọ́ ológun ńlá, alága kan àti ó kéré tán ọ̀gá mẹ́rin mìíràn ló ń jókòó, ipò alága kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Lọ́yà ológun kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń tọ́ wọn sọ́nà nípa òfin, àmọ́ kì í dìbò. Tó bá kan ìdájọ́, ẹni tó kéré jù nínú wọn ló ń kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ó ń wo ẹnu ọ̀gá. Òyìnbó tó ronú yẹn kàn mọ sójà dáadáa ni. Ìdájọ́ kò sì tíì múlẹ̀ títí ọ̀gá tó láṣẹ á fi fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣì wà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ náà ṣì wà.

Ohun tí kò sí nínú ìwé: omi inú ìgò máa ń wà níwájú alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Mi ò rí i níwájú ẹlẹ́jọ́ rí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Bàbá àgbà mi bá Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, ọmọ ìlú wa tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, ja ogun Biafra. Ó ní nígbà náà wọ́n yìnbọn pa lẹ́fútẹ́náǹtì kan nínú àwọn sójà ìjọba tiwa, nítorí pé ó pa ọmọ Biafra kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìtàn ìjàpá ni, pé ta ló ń pa sójà ara rẹ̀ nítorí ọ̀tá?
Ọmọ Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé kì í ṣe ìtàn ìjàpá. Lẹ́fútẹ́náǹtì náà ń jẹ́ Macaulay Lamurde. Lọ́dún 1968, ó yìnbọn pa ọmọ Biafra kan tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, lójú àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ya fíìmù lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ológun jókòó, ó jẹ̀bi, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà, kámẹ́rà tún wà níbẹ̀.

Ṣé ó mọ̀ pé kò dára? Ó yẹ kó mọ̀. Láti oṣù Keje 1967 tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni Gowon ti gbé ìwé ìlànà jáde fún gbogbo sójà ìjọba: kí wọ́n má fọwọ́ kan aboyún àti ọmọdé, kí wọ́n má ba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jẹ́, kí wọ́n má kó ẹrù ẹlẹ́rù, ọmọ ogun tó bá juwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba ìbọn rẹ̀, kí wọ́n má pa á.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ní Asaba, oṣù Kẹwàá 1967, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àti ọmọkùnrin ni àwọn sójà ìjọba pa, nígbà tí ìwé ìlànà yẹn kò tíì lo oṣù mẹ́rin. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ ọ̀gá kan tó jókòó síwájú ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀ títí di òní. Lamurde jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Bí mo bá rántí àwọn méjèèjì papọ̀, ẹnu mi kì í dùn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní tirẹ̀. Lẹ́fútẹ́náǹtì ọmọ ogun Biafra kan wà tó ń jẹ́ Pius Nwaoga. Lọ́dún 1969, ọ̀gá rẹ̀ rán an pé kó lọ pa ọkùnrin kan níbi tó ti bọ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó wọ aṣọ ilé, ó lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ogun parí, wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, kì í ṣe ti ológun o, kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ èmi àti ìwọ. Ó ní àṣẹ ni. Ní 1972, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní àṣẹ yẹn kò lè gbà á: ẹni tó bọ́ aṣọ ogun kó lè ráyè wọlé lọ pa ẹni tí kò gbé ìbọn, apànìyàn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, bí ẹni tó kọ̀wé láti Ifẹ̀ yẹn, mọ ẹjọ́ yìí bí ẹní mowó. Àwọn ọmọ ogun ni kò mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọdún 23 mi, kò sí ọ̀gá tó dárúkọ Nwaoga létí mi lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá àgbà rẹ, fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Má wulẹ̀ bi wọ́n pé ta ni wọ́n pa. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, ìyókù á tẹ̀lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kọ́púrà ni ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà lójú ogun fi ibi tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ sílẹ̀ lóru, àwọn ọ̀tá gba ibẹ̀ wọlé, èèyàn méjì kú. Wọ́n pe ọkọ mi wá jẹ́rìí. Ó sọ ohun tó rí. Wọ́n sọ ọ̀rẹ́ náà sẹ́wọ̀n. Ọdún kan rèé, kò sẹ́ni tó ń kí wa ní bárékè mọ́. Ìyàwó ọ̀rẹ́ náà, tó jẹ́ pé òun ló gbé ọmọ mi pọ̀n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó ń tutọ́ bí mo bá kọjá. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀. Ṣé ọkọ mi dalẹ̀ ni?
Ìyàwó kọ́púrà, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ní Àkúrẹ́ tí ẹ wà yẹn, ẹ lè rántí ọdún 2008, nígbà tí àwọn sójà tó ti Liberia dé, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àlàáfíà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, jáde sójú títì nítorí owó àjẹmọ́nú wọn tí wọn ò rí gbà. Wọ́n dúró ti ara wọn. Ní oṣù Kẹrin 2009, ilé ẹjọ́ ológun ju 27 nínú wọn sẹ́wọ̀n gbére, kí wọ́n tó wá dín in kù sí ọdún 7. Àwọn tó dúró ti ẹlẹgbẹ́ lọ sẹ́wọ̀n, ọkọ yín tí kò dúró ti tirẹ̀ ni wọn ò kí mọ́. Ẹ rí i pé kò sí ibi tí èèyàn á gbà tí wọn ò ní na ìka sí i.

Ẹ bi mí bóyá ó dalẹ̀. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò kọ sínú abala yìí rí.

Ọdún 1993, ní Liberia. Mi ò ní sọ ẹgbẹ́ wa. Awakọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa, láńsì kọ́púrà, ọmọ Ìdànrè. Ọ̀gá ní kó gbé lọ́rì kan tó kún fún ìrẹsì àti ọta lọ fún àwọn tó wà níwájú. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó máa bá a lọ. Ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí lọ́rì náà, ó gbé ọwọ́ mi lé táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Rọ́bà ti jẹ tán, wáyà ti yọ síta. Ọ̀kan nínú rẹ̀ gún mi ní àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ náà ti fọwọ́ kàn án.” Ó padà lọ sọ fún ọ̀gá pé òun ò lè gbé e lórí táyà yẹn lóru. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́ra.

Awakọ̀ mìíràn bọ́ sínú lọ́rì náà. Ó lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Táyà ò bẹ́. Àwọn tó wà níwájú jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú awakọ̀ wa wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ti gba fìlà àti bẹ́líìtì rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, “left-right, left-right,” ó dúró ṣánṣán. Èmi wà nídìí taipuráítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀gá kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá bi í pé, “Ọ̀rọ̀ táyà tí o ń sọ yìí, ṣé o ní ẹlẹ́rìí?”

Ó wò mí.

Mo wo ìwé tó wà níwájú mi. Ìgbéga mi kù díẹ̀ nígbà náà. Mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́rì ṣáà ti dé, kí ni mo tún fẹ́ sọ. Ó ní, “Rárá, sà. Mi ò ní ẹlẹ́rìí.” Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nítorí tèmi. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi tì í mọ́ gáàdì rúùmù.

Àtàńpàkò ni a fi ń tẹ àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì lórí taipuráítà. Ìwé ìdájọ́ yẹn kò ju ojú ìwé kan ààbọ̀ lọ, gbogbo àlàfo inú rẹ̀ ni mo mọ̀ lára.

Rárá, ìyàwó wa, ọkọ yín kò dalẹ̀. Èèyàn méjì kú, wọ́n bi í ní ohun tó rí, ó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i bó bá wù ú, ẹ má fi ìbéèrè gbá a kiri. Ìyàwó ọ̀rẹ́ yẹn, ẹ máa kí i, kódà bó bá tutọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń tutọ́ sí. Bí ẹ bá lè gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ọdún, ẹ gbé e lọ, kí ẹ má dúró gba ọpẹ́.

Èmi gba ìgbéga mi lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tí kò kí mi.